Ìròyìn Èké Lórí Ayélujára: Ṣé Kí Ìjọba Di Ẹnu Ìlú Ni?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú Èkó wọ orílẹ̀-èdè wa, ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láàárín òru. Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí olúkúlùkù dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, kí ó fi wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àrùn náà kì yóò lè ràn án. Ìyá pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n pe àbúrò, ará ilé pe ará ìdálẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá àwọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀.

Kì í ṣe ọ̀tá ni ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ láti ilé dé ilé. Àwọn tí ó fẹ́ràn ara wọn ni, ìfẹ́ náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Àwọn àgbà wí pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní ayé àtijọ́, àárín agbo ilé kan tàbí ọjà kan ni ẹyin bẹ́ẹ̀ ti ń fọ́. Ní ayé ìsinsìnyí, kí a tó jí ní òwúrọ̀, ó ti fọ́ ní Èkó, ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Màídúgùrí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí nìyí tí ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀ yìí fi kan tẹrú-tọmọ: ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọba fi òfin de ohun tí ará ìlú ń sọ lórí Facebook, WhatsApp, TikTok àti X, tí a ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀? Àwọn kan gbà pé bí ìjọba bá ń wòran, irọ́ yóò tú ìlú. Àwọn mìíràn gbà pé ìjọba tí ó bá gba àṣẹ láti sọ ohun tí í ṣe irọ́ kò ní pẹ́ tí yóò fi máa pe òtítọ́ tí kò bá a lára mu ní irọ́. Apá méjèèjì ni ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ó tọ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí a tó dá ẹjọ́, nítorí agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Irọ́ Tí Ó Ta Ẹ̀jẹ̀ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Plateau kò lè gbàgbé oṣù kẹfà ọdún 2018. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù náà, ìpànìyàn ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Barkin Ladi. Àwọn ọlọ́pàá wí pé ènìyàn 86 ni ó kú. Òtítọ́ ni èyí, ìbànújẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sin òkú tán, àwọn àwòrán kan ti kún orí Facebook, tí a ń wí pé àwọn tí a pa ní Plateau ni. Nígbà tí àwọn oníròyìn BBC tọpa àwọn àwòrán náà, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú wọn, fídíò ọkùnrin kan tí a ṣá lórí, kì í ṣe ti Nàìjíríà rárá. Orílẹ̀-èdè Congo-Brazzaville ni a ti yà á, ní ọdún 2012. Lẹ́yìn tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀, àwọn jàǹdùkú dí ojú ọ̀nà, wọ́n ń fa àwọn arìnrìn-àjò jáde nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń pa àwọn tí wọ́n kà sí ẹ̀yà ọ̀tá. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn sọ fún BBC pé ìròyìn èké orí Facebook wà lára ohun tí ń pa ènìyàn níbẹ̀.

Ẹ ro ọ̀ràn ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ láti lọ ṣe òwò rẹ̀. Kò mọ ohunkóhun nípa ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan. Ojú àti ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́ ikú. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká àwa ará ìdálẹ̀ lára ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé àwa náà ń gbé láàárín àwọn tí ahọ́n wọn yàtọ̀ sí tiwa.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, aáwọ̀ kékeré kan ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn di ìjà láàárín àwọn Yorùbá àti àwọn Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sì ti ọjà náà pa. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, àwọn gómìnà Kánò, Kebbi, Niger àti Zamfara gbéra láti Òkè Ọya, wọ́n wá sí Ìbàdàn láti pẹ̀tù sí ọ̀ràn náà. Kò sí ará ìdálẹ̀ tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìdí rẹ̀ fún. Àwọn Hausa ní Sábó ní Ìbàdàn láti ọdún 1916. Àwọn ará Gúúsù ní Sabon Gari ní Kánò. Ìròyìn tí ó bá ti ọ̀kan jáde, ẹ̀rù rẹ̀ a máa ba èkejì. Bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ bá lè kó wa láyà sókè báyìí, kí ni kí a wí nípa àwòrán ìjà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí ẹnìkan gbé jáde tí ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé "Òní ni, Ìbàdàn ni"?

Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé kí ìjọba káwọ́ gbera kò rò ó jinlẹ̀. Òfin ti wà tipẹ́ fún ẹni tí ó bá dúró sí àárín ọjà tí ó kígbe èké kí àwọn ènìyàn lè pa ara wọn. Kò sí ìdí tí ẹni tí ó fi fóònù kígbe tirẹ̀ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ òfin. Ìbéèrè tí ó ṣòro ni èyí: ta ni yóò jẹ́ adájọ́ tí yóò wí pé irọ́ ni irọ́?

Pàṣán Tí Ó Wà Lájà

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1928, ìwé ìròyìn Lagos Daily News ti Herbert Macaulay tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó, ẹni tí ìjọba amúnisìn ti lé kúrò ní ìlú ní ọdún 1925. Wọ́n pe Macaulay lẹ́jọ́, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí irú àhesọ bẹ́ẹ̀ ta gbòǹgbò ní Èkó? Ìjọba tí ó lé ọba náà ni ó ń jà kí ilé-ẹjọ́ má ṣe wádìí bóyá ó ní ẹ̀tọ́ láti lé e. Ní ọdún 1931, àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù pàṣẹ pé ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Èṣùgbàyí padà sí Èkó. Níbi tí a bá ti bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni àhesọ ti ń hù.

Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Muhammadu Buhari gbé Òfin Kẹrin jáde. Orúkọ tí wọ́n sọ òfin náà ni òfin tí yóò dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí nìkan yóò wí pé, kí ni ó burú níbẹ̀? Ta ni ó fẹ́ kí a fi ẹ̀sùn èké kan òun? Ṣùgbọ́n nínú òfin náà gan-an, kì í ṣe irọ́ nìkan ni a kà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìròyìn tí ó bá lè sọ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ di ẹni ẹ̀gàn pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìbáà ṣe òtítọ́. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn méjì ní ìwé ìròyìn The Guardian, kọ ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ yàn ní aṣojú sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rán wọn lọ, wọ́n sì bu owó ìtanràn 50,000 náírà lé ilé-iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1985 ni ìjọba tí ó tẹ̀lé e pa òfin náà rẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí a fi kọ́ra nínú èyí ni pé irọ́ ni a fi orúkọ rẹ̀ ṣe òfin, òtítọ́ ni òfin náà sì mú. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà lórí àléfà lónìí tí ó rò pé pàṣán náà yóò wúlò fún òun kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀la lè bá òun ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àbá òfin kan tí Sẹ́nétọ̀ Mohammed Sani Musa láti Ìpínlẹ̀ Niger gbé wá nípa irọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì gba ìkà kejì ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Àbá náà yóò fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí ìtanràn 300,000 náírà jẹ ẹni tí ó bá tan irọ́ kálẹ̀, yóò sì fún àwọn agbófinró ní agbára láti pàṣẹ pé kí a dí ojú òpó kan pa. Àbá mìíràn tí ó jáde ní ọdún yẹn kan náà nípa ọ̀rọ̀ ìkórìíra tilẹ̀ dá ikú fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá fa ikú ẹlòmíràn. Àwọn ará ìlú, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn akọ̀ròyìn fárí gá, àwọn àbá méjèèjì kò sì di òfin.

Ọjọ́ 222

Ohun tí àwọn aṣòfin kò ṣe tán, àṣẹ kan ṣoṣo ṣe é ní ọdún 2021. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, ilé-iṣẹ́ Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ nípa ogun abẹ́lé kúrò lójú òpó wọn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, Lai Mohammed tí ó jẹ́ mínísítà fún ètò ìròyìn kéde pé ìjọba ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń lo ojú òpó náà láti ṣe ohun tí ó lè tú orílẹ̀-èdè yìí ká. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni wọ́n tó tún un ṣí, lẹ́yìn ọjọ́ 222.

A kò sọ pé Twitter kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àjèjì tí ń pa owó ní ìlú kan tí kò ní ọ́fíìsì tí a ti lè bá a wíjọ́ níbẹ̀ kò ṣe ohun tí ó tọ́, ìjọba sì jàre nígbà tí ó wí pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n sì máa san owó orí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: láàárín ọjọ́ 222 yẹn, ǹjẹ́ irọ́ dín kù? Àwòrán èké tí ó fa ìpànìyàn ní Plateau, Facebook ni ó gbà. Ìròyìn tí ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa ní ọjà àti àwọn bàbá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, WhatsApp ni ó ń gbà. Àwọn méjèèjì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Ojú òpó tí wọ́n tì ni èyí tí ó yọ ọ̀rọ̀ ààrẹ kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ ọgbọ́n kọ̀ǹpútà gba ẹ̀yìn wọlé. Àwọn tí ń fi ojú òpó náà polówó ọjà wọn láìmọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ pàdánù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹjọ́ Tí Ilé-Ẹjọ́ Dá

Ọ̀ràn náà dé iwájú ilé-ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ECOWAS. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, àwọn adájọ́ náà dá a pé títì tí ìjọba ti Twitter kò bá òfin mu, pé ó tẹ ẹ̀tọ́ ará ìlú láti sọ ọ̀rọ̀ àti láti gbọ́ ìròyìn lójú, kí ìjọba má sì ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, ilé-ẹjọ́ náà ti pàṣẹ pé kí Nàìjíríà tún apá 24 nínú òfin ọdún 2015 tí ó dá lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ṣe. Bí wọ́n ti kọ apá òfin yẹn ní àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí ó bá mú ẹlòmíràn bínú tàbí tí ó bá bù ú kù lè gbé ènìyàn dé àtìmọ́lé, ó sì gbé àwọn akọ̀ròyìn débẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni àtúnṣe di òfin. Ní báyìí, ẹni tí a ó fìyà jẹ lórí irọ́ ni ẹni tí ó mọ̀ pé irọ́ ni ohun tí òun fi ránṣẹ́, tí ó sì fi ránṣẹ́ kí ìlú lè dàrú tàbí kí ó fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Ìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ, tàbí ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù méje náírà lọ, tàbí méjèèjì pọ̀.

Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá pẹ̀lú ti sọ tirẹ̀. Ní ọdún 2019, NBC, àjọ tí ń bójú tó ètò ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, bu ìtanràn 500,000 náírà lé ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 45 lórí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Onídàájọ́ James Omotosho dá a pé àjọ náà kì í ṣe ilé-ẹjọ́, kò sì lè jẹ́ afẹ̀sùnkanni kí ó tún jẹ́ adájọ́. Gbogbo ohun tí a ń wí nínú àpilẹ̀kọ yìí wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Kò sí ìlú Yorùbá kan tí ẹlẹ́jọ́ ti ń dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ohun Tí Ìjọba Lè Ṣe

Kí ni kí ìjọba wá ṣe? Èkíní, kí ó di òfin tí a ti tún ṣe ní ọdún 2024 mú, kí ó má sì kọjá ẹnu ààlà rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣàn, kí a mú un, kí a gbé e lọ sí iwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi òfin náà gbẹ̀san fún ẹni ńlá tí ìròyìn dùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn àtúnṣe náà, àwọn ọlọ́pàá gbé akọ̀ròyìn kan ní Èkó tí ó kọ ìròyìn nípa owó ìjọba, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Òfin tí ó dára lórí ìwé kò tó. Ọwọ́ tí ó dì í mú ni a ń wò.

Àwọn kan yóò wí pé ẹsẹ̀ ilé-ẹjọ́ wúwo, irọ́ sì ń fò. Kí adájọ́ tó jókòó, ìlú ti jóná. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ lè gbé àṣẹ pàjáwìrì kalẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ bí ìjọba bá mú ẹ̀rí wá. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń mú kí wọ́n máa pa ènìyàn lójú ọ̀nà, kí ìjọba sáré tọ adájọ́ lọ ní ọjọ́ náà, kí àṣẹ náà mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà gan-an dípò odindi ojú òpó, kí ó ní ọjọ́ tí yóò parí, kí a kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ẹni tí ó kan sì ní àǹfààní láti wá rojọ́. Ìjọba tí kò lè ṣe àlàyé fún adájọ́ kan ṣoṣo kò lè ṣe àlàyé fún wa.

Èkejì ni ọ̀ràn àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ni àwọn ìkànnì wọ̀nyí. Àwọn ni ó ń pa owó lórí ariwo, ó sì yẹ kí wọ́n jìyà àìbìkítà wọn. Nígbà tí BBC wádìí ọ̀ràn Plateau ní ọdún 2018, ó ròyìn pé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ gbogbo ìgbà fún Facebook láti yẹ irọ́ wò ní Nàìjíríà jẹ́ mẹ́rin péré, nígbà tí àwọn tí ń lo ojú òpó náà ní ilẹ̀ wa tó mílíọ̀nù 24. Nínú àwọn mẹ́rin yẹn, kò sí ẹni tí ó gbọ́ Hausa. Báwo ni ẹni tí kò gbọ́ èdè yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ń fi èdè náà pe ogun?

Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣe òfin tí ó kan irú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, tí ó múlẹ̀ pátápátá ní oṣù kejì ọdún 2024. Ó pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa wádìí ewu tí iṣẹ́ wọn ń fà, kí wọ́n sì máa ṣàlàyé fún ẹni tí wọ́n bá yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Ìtanràn ẹni tí ó bá rú u lè tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tí ń wọlé fún un lọ́dún. Jámánì ti kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2017, tí ó fún wọn ní wákàtí 24 láti yọ ọ̀rọ̀ tí ó hàn gbangba pé ó lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù níbẹ̀ pé nítorí ìtanràn tí ó lè tó mílíọ̀nù 50 owó yúrò, àwọn ilé-iṣẹ́ náà yóò máa yọ ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́ṣẹ̀ pẹ̀lú. A lè mú èyí tí ó dára nínú rẹ̀, kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé apá wa kò ká wọn. Ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC, àjọ tí ń gbèjà àwọn oníbàárà ní ilẹ̀ wa, bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ilé-iṣẹ́ tí ó ni Facebook àti WhatsApp, lórí ọwọ́ tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ará Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí Meta pe ẹjọ́ lọ sí iwájú rẹ̀ fi ọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Kò sí ojú òpó tí a tì, kò sì sí ará ìlú tí a dí lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni ó rọrùn jù, òun náà ni a sì ń gbàgbé jù: kí ìjọba máa tètè sọ òtítọ́. Ní ọdún 2014, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni a fi ṣẹ́gun irọ́ omi iyọ̀. Àwọn dókítà àti àwọn aláṣẹ ètò ìlera bọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n là á yé àwọn ènìyàn pé ewu ni, wọ́n sì ń sọ iye ẹni tí àrùn mú àti iye ẹni tí ó kú. Ẹni 20 ni àrùn Ebola mú ní Nàìjíríà, ẹni mẹ́jọ ni ó kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé a ti bọ́. Òfin ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé ìjọba, kí ìjọba sì dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Bí gbogbo ọ́fíìsì bá ń pa òfin yìí mọ́, oúnjẹ àhesọ yóò dín kù.

Iṣẹ́ Tiwa Ní Ìdálẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire tí ẹ wà ní Òkè Ọya àti ní gbogbo ibi tí oúnjẹ òòjọ́ gbé yín dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí a di gbogbo ẹrù náà lé ìjọba lórí. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó bá dé orí fóònù wa, iṣẹ́ ẹrú ni. Ọwọ́ wa ni ó wà láti fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Bí ìròyìn ìjà bá dé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni ó rí i? Ibo ni ó ti ṣẹlẹ̀? Ọjọ́ wo ni? Bí WhatsApp bá fi àmì ọfà méjì sí orí ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ti ti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ rọra ṣe é. Ẹ rántí pé ní ayé òde òní, kọ̀ǹpútà lè sín ohùn ènìyàn jẹ, ó sì lè ṣe àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Kò sí ẹni tí kò ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ní ìlú tí a dárúkọ. Ẹ pe onítọ̀hún. Owó ìpè ìṣẹ́jú kan kò tó owó ìsọ̀ tí yóò jóná.

Àwọn olórí àwùjọ Yorùbá ní ìlú kọ̀ọ̀kan, àwọn ìmáàmù àti àwọn pásítọ̀, àti àwọn alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Kí wọ́n mọ nọ́ńbà olórí àwọn onílẹ̀ ní agbègbè wọn, kí àwọn onílẹ̀ náà sì mọ tiwọn, kí ó lè jẹ́ pé ní òru tí ariwo bá sọ, ẹnìkan wà tí a ó bi léèrè kí ẹnikẹ́ni tó mú igi. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ní ti ìjọba, ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ kò pọ̀. Kí ó fi òfin mú apànìyàn tí ń fi ẹnu pa ènìyàn. Kí ó bá ilé-iṣẹ́ ńlá wí. Kí ó sì tètè máa sọ òtítọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n kí ó fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún adájọ́. Àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ ránṣẹ́ ní ọdún 2014 kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹ̀wọ̀n kọ́ ni ì bá gba ẹ̀mí àwọn méjì tí ó kú là. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó bá bèèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ ni ì bá gbà wọ́n là.